Ìwé Ẹ̀rí Ọkọ̀ Tó Ti Kọjá Àkókò Ló Dá Aṣọ Mi Dúró ní Àpápá

Ọjọ́ 11 gbáko ni ọkọ̀ ojú omi tó kó aṣọ òwú funfun mi bọ̀ láti Mumbai fi dúró lórí omi Èkó láìsọ ẹrù kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí èmi ṣe tí kò dára. Ìwé mi pé. Àwọn aláró ní Kémta ti gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi, tírélà tí yóò gbé kọ̀ǹténà wá sí Abẹ́òkúta náà ti gba tirẹ̀, àwọn oníbàárà tí mo bá ṣe àdéhùn àdìrẹ fún aṣọ ẹbí sì ń pè mí láàárọ̀ lálẹ́.

Bí a ṣe ń sanwó fún ọlọ́jà àti bí a ṣe ń gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù kò ní gba àkókò wa níhìn-ín, nítorí ẹni tó bá ti kó ẹrù wọlé rí mọ̀ wọ́n. Ibi tí mo ti jìyà ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọkùnrin tó ń bá mi gba ẹrù kàn ń sọ lórí fóònù pé, “Ẹ ṣe sùúrù, Mà, àwọn elétò ìlera èbúté ló ń yẹ ọkọ̀ wò.” Ní ọjọ́ kẹfà, mo wọ ọkọ̀ ní Kútọ̀, mo gba Èkó lọ, mo sì ní kí ó fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìmọ́tótó ọkọ̀ náà hàn mí, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́rìí pé wọ́n ti yẹ ọkọ̀ wò, pé kò sí eku tàbí ohun mìíràn tó lè tan àrùn kálẹ̀ nínú rẹ̀. Oṣù 6 péré ni ìwé yẹn máa ń lò lábẹ́ Òfin Ìlera Àgbáyé ti WHO, àjọ ìlera àgbáyé, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2005 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2007. Ti ọkọ̀ yìí ti kọjá àkókò. Wọ́n wá yẹ yàrá oúnjẹ rẹ̀ wò, wọ́n sì bá ìgbẹ́ eku. Mo rí àwòrán rẹ̀: hóró dúdú kéékèèké, ṣíṣù lẹ́yìn àpò ìrẹsì méjì tí eku ti jẹ etí rẹ̀.

Kì í ṣe òfin yẹn ni mo ń bínú sí. Eégbọn ara eku ló ń gbé plague, àjàkálẹ̀ àrùn tó ń pani, wọ ara ènìyàn, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé eku láti èbúté dé èbúté. Àrùn yìí jà ní Mumbai yìí kan náà ní ọdún 1896. Ọdún kejì rẹ̀ ni àwọn ìjọba pàdé ní Venice láti fẹnu kò lórí rẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 1926, àdéhùn àgbáyé ti ní kí a máa pa eku inú ọkọ̀, tàbí kí a jẹ́rìí pé kò sí níbẹ̀, ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Èkó náà tọ́ ọ wò ní ọdún 1924. Ta ni yóò wá ní kí a jẹ́ kí eku sọ̀ kalẹ̀ ní Àpápá?

Ẹni tó ni ọkọ̀ ni mo ń bínú sí. Ó mọ ọjọ́ tí ìwé rẹ̀ yóò parí. Òfin náà tilẹ̀ gbà kí wọ́n fi oṣù kan kún un bí èbúté tí ọkọ̀ wà kò bá lè ṣe àyẹ̀wò. Kò béèrè fún un, ó kàn ń wa ọkọ̀ bọ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n fín ọkọ̀ náà, tí wọ́n pa eku, tí wọ́n sì fún un ní ìwé tuntun, ó gúnlẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi títí di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ tí wọ́n fún wa láti gbé kọ̀ǹténà láìsan owó ìdádúró sì ti ń lọ. Mo bá àwọn tó ń gba owó ìdádúró náà jókòó, mo ka ọjọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì yọ owó ọjọ́ méjì kúrò. Inú mi dùn sí ìyẹn títí di òní. Àmọ́ owó tírélà àkọ́kọ́ wọgbó, mo sì ra aṣọ funfun ní Ìtòkú ní owó ọjà kí àwọn aláró lè rí nǹkan ṣe.

Ká ní mo mọ̀ ni, n kò ní san owó tírélà kí elétò ìlera tó gba ọkọ̀ láàyè láti wọlé. Nígbà tí mo tún ra aṣọ, mo ní kí ọlọ́jà fi ìwé ẹ̀rí ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó di ẹrù. Oṣù mẹ́rin ṣì kù lórí rẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó ní kí wọ́n kó aṣọ mi sínú ọkọ̀.