Bí A Ṣe Ń Ṣírò Jẹ́nótáìpù Tí Ọmọ Lè Jogún

Kí ẹ tó fi gègé lé ìwé, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ yín ṣeé gbára lé. Àyẹ̀wò kíákíá kan wà tí wọ́n ń po ẹ̀jẹ̀ mọ́ omi oògùn láti wò ó bóyá yóò rú. Ohun tí ó lè sọ kò ju pé S, hímóglóbìn (èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀) tí ó ń fa àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, wà níbẹ̀ lọ; kò lè ya AS (A kan tí kò lábùkù àti S kan, tí kì í ṣe àìsàn) sọ́tọ̀ kúrò lára SS (ẹni tí ó ní àìsàn náà), kò sì lè rí C, oríṣi hímóglóbìn mìíràn, rárá. Electrophoresis, tí ó ń fi iná mànàmáná ya oríṣi hímóglóbìn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ni kí ẹ béèrè fún.

Lẹ́tà méjì ni jẹ́nótáìpù ń ní, nítorí pé ẹ̀dà méjì ni a jogún nínú jíìnì tí ó ń darí hímóglóbìn, tí ó wà lórí kúrómósómù 11: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹ̀dà kan péré ni òbí kọ̀ọ̀kan ń fún ọmọ, kò sì sí ẹni tí ó lè yan èyí tí yóò jẹ́.

Ẹ wá ya igun mẹ́rin ọgbọọgba, kí ẹ fa ìlà kan sí i lóòró àti òmíràn níbùú, kí ó di yàrá mẹ́rin. Ẹ kọ lẹ́tà bàbá méjèèjì sí òkè, ti ìyá sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ẹ sì so lẹ́tà òkè mọ́ ti ẹ̀gbẹ́ nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí òbí méjèèjì bá jẹ́ AS, AA kan, AS méjì àti SS kan ni ẹ ó rí. AA àti AS kò lè bí SS. Ẹ má fojú fo AC dá o: bí AS bá fẹ́ AC, SC yóò wà nínú yàrá kan, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde sì ni òun náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni kíka èsì yìí. Yàrá mẹ́rin kì í ṣe ọmọ mẹ́rin. Gbogbo àwòrán náà dúró fún oyún kan ṣoṣo, oyún mìíràn yóò sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tọkọtaya AS tí àkọ́bí wọn jẹ́ SS, tí wọ́n wá ń sọ pé àwọn ti san gbèsè tàwọn, ti ṣi ìṣirò náà ṣe, nítorí ìdá kan nínú mẹ́rin náà ni ó tún ń dúró de ọmọ kejì. Ní ìdà kejì, bí wọ́n bá bí ọmọ mẹ́rin, ẹ sọ ¾ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ títí yóò fi pé ọ̀nà mẹ́rin: 81/256, bí 32 nínú 100, ni àǹfààní pé kò ní sí SS kankan láàárín wọn.

Ìṣirò yìí kò lè sọ ohun tí ọmọ inú jẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyẹn lè bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò olóbì (ibi ọmọ), èyí tí wọ́n sábà máa ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 11 sí 14 oyún.