Nígbà Tí Sáfà Bá Kọ̀ Tí Kò Jí

Ìwé pélébé yìí wà fún ẹni tí ìtọ́jú sáfà Linux wà lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ sáfà ilé ẹ̀kọ́, ti ilé iṣẹ́ kékeré, tàbí èyí tí ẹbí kan ń kó àwòrán àti ìwé wọn pamọ́ sí. Kò dìgbà tí èèyàn bá gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kó tó lè lò ó. Ohun tí ẹ nílò ni kíbọ́ọ̀dù àti síkírìnì tí ẹ lè so mọ́ ẹ̀rọ náà ní tààrà, fúláàṣì kan tí Linux wà lórí rẹ̀, àti sùúrù.

Sùúrù ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù. Ọ̀pọ̀ sáfà ni wọ́n ti nù pátápátá tí wọ́n sì tún gbé Linux tuntun sórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlà kan péré nínú fáìlì kan ló wọ́. Ohun tí wọ́n ti kó pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ á sì bá a lọ. Sáfà tó kọ̀ tí kò jí máa ń fi ibi tó dé hàn kó tó dúró. Iṣẹ́ yín àkọ́kọ́ ni láti mọ ibẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ohun tó wà lójú síkírìnì, torí pé ó lè má hàn mọ́ bí ẹ bá pa á tí ẹ tún un tàn.

Ibo ló dúró sí?

Bí iná bá wọ inú ẹ̀rọ, BIOS tàbí UEFI, ètò kékeré tó wà lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ló máa ń kọ́kọ́ jí. Ó yẹ mẹ́mọ́rì wò, ó wá dísìkì, ó sì fa iṣẹ́ lé GRUB, ètò tó ń gbé Linux dìde, lọ́wọ́. GRUB á gbé kernel, tó jẹ́ ọkàn Linux, àti initramfs sínú mẹ́mọ́rì. Initramfs ni àkójọ kékeré tí àwọn driver tí kernel fi ń rí dísìkì wà nínú rẹ̀. Bí kernel bá ti rí dísìkì gidi, ó di ọwọ́ systemd, tó máa ń so àwọn ìpín dísìkì mọ́ àyè wọn, tó sì máa ń tan àwọn iṣẹ́ yòókù.

Bí ẹ̀rọ bá sọ pé òun ò rí dísìkì kankan tí òun lè jí láti inú rẹ̀, ẹ wo okùn dísìkì, kí ẹ sì wo ètò UEFI. Bí ẹ bá rí

grub rescue>

GRUB jí, ṣùgbọ́n kò rí àwọn fáìlì tirẹ̀. Bí ẹ bá rí

Kernel panic - not syncing: VFS: Unable to mount root fs

kernel ti jí, ìpín dísìkì tí gbogbo ètò wà lórí rẹ̀ ni kò rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, initramfs ló bàjẹ́ tàbí tí kò pé. Bó bá sì jẹ́ “You are in emergency mode” lẹ rí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jí tán.

Bí síkírìnì bá ṣófo tí kò sọ nǹkan kan, ẹ tún un tàn. Lórí ẹ̀rọ UEFI, ẹ máa tẹ Esc. Lórí ti BIOS, ẹ di Shift mú, títí tí GRUB á fi yọjú. Ẹ tẹ lẹ́tà e, ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, ẹ yọ quiet àti splash kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ wá tẹ Ctrl+X. Ẹ̀rọ náà á máa kọ gbogbo ohun tó ń ṣe sójú síkírìnì. Àyípadà yìí kò kọjá ìgbà kan yẹn, nítorí náà kò lè ba nǹkan kan jẹ́.

Fáìlì fstab

Mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sáfà tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ti máa ń há. Inú /etc/fstab la kọ gbogbo ìpín dísìkì tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ so mọ́ra bó bá ń jí. Ká ní ẹnì kan kọ dísìkì àfikún kan sínú rẹ̀, tí wọ́n wá yọ dísìkì náà lọ síbòmíràn. Systemd á dúró dè é fún ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Bí kò bá rí i, á kọ̀ láti tẹ̀ síwájú, á sì já sí emergency mode, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dísìkì tó ṣe pàtàkì jù wà ní àlàáfíà.

Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà root (ọ̀gá ẹ̀rọ), kí ẹ wá ṣe báyìí:

mount -o remount,rw /
lsblk -f
nano /etc/fstab

Lsblk á fi gbogbo dísìkì tó wà níbẹ̀ hàn yín pẹ̀lú UUID (àmì ìdánimọ̀) wọn. Ẹ fi í wé ohun tó wà nínú fstab. Ìlà tí kò bá dísìkì kankan mu, ẹ fi àmì # síwájú rẹ̀. Ẹ má tíì pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe

findmnt --verify
systemctl daemon-reload
mount -a

Bí mount -a bá dákẹ́ tí kò sọ nǹkan kan, ó ti dára nìyẹn. Ẹ tún ẹ̀rọ tàn.

Kó má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́, UUID ni kí ẹ máa kọ sínú fstab, ẹ má kọ /dev/sdb1, torí pé orúkọ bẹ́ẹ̀ lè yí padà bí dísìkì bá lé sí i tàbí tó bá dín. Dísìkì tí kò bá pọn dandan kó wà níbẹ̀, ẹ fi nofail sínú ìlà tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ìbá ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ àìsùn.

Lórí Ubuntu, root kì í sábàá ní ọ̀rọ̀ aṣínà, emergency mode náà lè sọ pé òun ti tì í pa. Ẹ padà sínú GRUB, ẹ tẹ lẹ́tà e, ẹ fi init=/bin/bash sí òpin ìlà linux, kí ẹ sì tẹ Ctrl+X. Ẹ ó bá ara yín ní ipò root láìjẹ́ pé wọ́n bi yín léèrè ohunkóhun. Ẹ ṣe remount tí mo kọ sókè yẹn, ẹ tún fstab ṣe, ẹ tẹ sync, lẹ́yìn náà reboot -f. Ọ̀nà yìí kan náà, pẹ̀lú àṣẹ passwd, ni ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà fi ń yí i padà. Ní ti Fedora àti àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń lo SELinux (ètò ààbò kan), ẹ tẹ touch /.autorelabel kí ẹ tó jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè má jẹ́ kí ẹ wọlé.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí: ẹnikẹ́ni tó bá lè jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù sáfà yín lè di ọ̀gá rẹ̀. Ẹ ti yàrá rẹ̀ pa. Bí ìwé àṣírí bá wà lórí rẹ̀, LUKS, ètò tó ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti dísìkì, ni kí ẹ fi ti dísìkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àyè tó kún

Kernel tuntun máa ń wọlé pẹ̀lú ìmúdójúìwọ̀n. Bí /boot bá jẹ́ ìpín kékeré tó dá dúró, àwọn kernel àtijọ́ á kún un, initramfs tuntun á sì lè di àkọsílẹ̀ ààbọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá tún ẹ̀rọ tàn ni kernel panic á yọjú. Ẹ lọ sí Advanced options nínú GRUB, kí ẹ yan kernel tó ṣáájú. Bó bá jí, ẹ wo uname -r kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ wà lórí rẹ̀, kí ẹ wá ṣe, lórí Debian àti Ubuntu:

df -h
apt autoremove --purge
update-initramfs -u -k all

Lórí Fedora, dracut -f --regenerate-all ló ń tún initramfs ṣe. Ẹ má fi rm pa kernel rẹ́ nínú /boot. Ètò tó ń kó sọ́fítíwíà wọlé á ṣì gbà pé ó wà níbẹ̀, wàhálà míì á sì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà míì, df -h á sọ pé àyè wà, síbẹ̀ ẹ̀rọ á tẹnu mọ́ ọn pé “No space left on device”. Ẹ wo df -i; ó lè jẹ́ pé fáìlì wẹ́wẹ́ ti pọ̀ débi pé inode (àyè tí a fi ń forúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀) ti tán. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ẹ ti pa fáìlì ńlá rẹ́, àyè ò ṣí sílẹ̀. Ètò kan ṣì dì í mú ni. lsof +L1 á fi ètò náà hàn yín. Ẹ tún iṣẹ́ yẹn tàn, àyè á ṣí. Bó bá jẹ́ àkọsílẹ̀ systemd ló gba gbogbo ilé, journalctl --vacuum-size=200M á dín in kù.

Ìgbà tí ẹ ó lo fúláàṣì

Bí GRUB fúnra rẹ̀ bá bàjẹ́, ẹ jí ẹ̀rọ láti orí fúláàṣì, kí ẹ sì wọ inú ètò àtijọ́ láti ibẹ̀. Bí a bá gbà pé /dev/sda2 ni ìpín pàtàkì (ẹ fi lsblk -f mọ ti yín):

mount /dev/sda2 /mnt
for d in dev proc sys run; do mount --rbind /$d /mnt/$d; done
chroot /mnt

Bí /boot tàbí /boot/efi bá ní ìpín tirẹ̀, ẹ so ó mọ́ àyè rẹ̀ kí ẹ tó chroot. Lórí Debian tàbí Ubuntu tó ń lo BIOS, ẹ tẹ grub-install /dev/sda, lẹ́yìn náà update-grub. Orúkọ dísìkì lapapọ̀ ni grub-install ń fẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe ti ìpín. Lórí Fedora tó ń lo UEFI, ẹ má lo grub-install rárá. Àṣẹ dnf reinstall grub2-efi-x64 shim-x64 ni kí ẹ lò.

Bí dísìkì fúnra rẹ̀ bá ń kú

Bí dmesg (àkọsílẹ̀ kernel) bá ń pe I/O error léraléra, ẹ tẹ smartctl -a /dev/sda, kí ẹ wo Reallocated_Sector_Ct àti Current_Pending_Sector. Bí nọ́ńbà wọn bá ń gòkè, ẹ má ṣe fsck, àṣẹ tó ń yẹ ìpín dísìkì wò tó sì ń tún un ṣe. Iṣẹ́ tó pọ̀ ni fsck ń gbé lé dísìkì lórí, dísìkì tó ń kú kò sì ní agbára rẹ̀. Ẹ fi ddrescue kó gbogbo rẹ̀ sórí dísìkì mìíràn ná, kí ẹ máa tún ẹ̀dà yẹn ṣe.

Bí dísìkì bá sì yá, ẹ má ṣe fsck lórí ìpín tó ṣì so mọ́ ètò tó ń ṣiṣẹ́. Ó lè bà á jẹ́ ju bó ṣe wà lọ. Fún ìpín tó ń lo XFS (irú ètò ìpamọ́ fáìlì kan), xfs_repair ni irinṣẹ́ rẹ̀. Àmì -L rẹ̀ lè mú dátà lọ, nítorí náà ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà míì mọ́ nìkan ni kí ẹ lò ó.

Ó jí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò lọ

systemctl --failed á ka àwọn iṣẹ́ tó ṣubú. Àṣẹ journalctl -b -p err á sọ ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó kú lẹ́ẹ̀kan sí i, journalctl -b -1 ni, bí fóldà /var/log/journal bá wà. Ẹ dá fóldà náà sílẹ̀ lónìí bí kò bá sí. Bí ètò kan bá ń kú lójijì láìwí nǹkan kan, ẹ wá “Out of memory” nínú journalctl -k. Ó lè jẹ́ pé kernel ló pa á torí mẹ́mọ́rì tó tán.

Ẹ wo timedatectl pẹ̀lú. Bí bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ bá ti kú, aago á padà sẹ́yìn, gbogbo ìwé ẹ̀rí ààbò íntánẹ́ẹ̀tì á sì dà bí ayédèrú lójú rẹ̀. Ìmúdójúìwọ̀n náà lè kọ̀ láti wọlé.

Bí ẹ bá ń ṣàtúnṣe sí SSH, ètò tí a fi ń wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn, tí ẹ ò sí nídìí rẹ̀, ẹ tẹ sshd -t kí ẹ tó tún un tàn, kí ẹ sì fi ojú ìwọlé àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí títí ẹ ó fi wọlé láti ojú kejì. Kí ẹ tó tan ufw, ètò tó ń dènà ìwọlé láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ kọ́kọ́ tẹ ufw allow OpenSSH.

Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára yín, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n jù yín lọ, kí ẹ sì kó nǹkan wọ̀nyí fún un: àwòrán síkírìnì, èsì lsblk -f, orúkọ Linux tó wà níbẹ̀ àti nọ́ńbà kernel rẹ̀, ohun tí ẹ yí padà gbẹ̀yìn kó tó kọ̀, àti gbogbo àṣẹ tí ẹ ti gbìyànjú, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ẹ má yọ èyí tí kò ṣiṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀.