Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Katakata Ọgbà Àtijọ́ Ṣe: Ẹ́ńjìnì Lákọ̀ọ́kọ́, Ọ̀dà Lẹ́yìn

Katakata ọgbà àtijọ́ kì í tètè kú. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1960 sí 1980 ló ní ẹ́ńjìnì onípísítìnì kan tí wọ́n fi irin dídà tó nípọn ṣe, bíi Kohler K301 tó ní agbára ẹṣin 12 tàbí K341 tó ní 16. Tí irú rẹ̀ bá dákẹ́, ohun tó sábà máa ń fà á ni bẹntiróòlù tó ti dì nínú kábúrétọ̀, wáyà tí eku jẹ, tàbí kọ́ńtáàkì (irin kékeré méjì tó ń ṣí tó ń pa kí iná lè já ní pílọ́ọ̀gì) tó ti dípẹtà. Nítorí náà, ẹ wá ohun tó pa á kí ẹ tó náwó sórí ẹ̀yà ara kankan. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́, kó rìn, kó sì dúró nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, kí ẹ tó ronú kan ọ̀dà. Ẹni tó bá kun ún kó tó tú ẹ́ńjìnì, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa kun ún, torí bẹntiróòlù àti sípánà kò ní ṣàánú ọ̀dà tuntun.

Kí ẹ tó tú nǹkan kan

Ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pàápàá ibi tí wáyà àti bẹ́líìtì gbà kọjá. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnì sílẹ̀. Òun ni ẹ ó fi ra ẹ̀yà ara, nítorí oríṣi katakata kan náà lè jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ọdún dé ọdún. Bóòtù ibì kan, ọ̀rá kan, kí ẹ sì kọ orúkọ ibẹ̀ sára ọ̀rá náà. Orí nẹ́gétíìfù bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni ẹ ó dè kẹ́yìn.

Bíréèkì, kílọ́ọ̀ṣì àti gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lè ní asbestos nínú, èyí tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má ṣe fẹ́ eruku wọn dànù, ẹ má sì gbá a ní gbígbẹ. Ẹ rin ín lómi, kí ẹ fi àkísà tútù nù ún.

Bóòtù tó bá gan, ẹ má fi agbára jà á. Ẹ ta ọ́ìlì tó ń wọnú ìpẹtà sí i, kó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fún un díẹ̀ sí i kí ẹ tó gbìyànjú àtitú u, torí ìfúnpọ̀ díẹ̀ yẹn ló máa ń já ìpẹtà. Bí kò bá gbọ́, ẹ fi iná yan nọ́ọ̀tì rẹ̀, níbi tí bẹntiróòlù kò sí nítòsí rárá.

Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí ẹ́ńjìnì

Ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, níídù kábúrétọ̀ (abẹ́rẹ́ tó ń dá epo dúró) ti ń jò wọnú ẹ́ńjìnì. Bó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ ibẹ̀. Ní ọ̀nà méjèèjì, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ tú pílọ́ọ̀gì, kí ẹ fi ọwọ́ yí fìláwílì, ìyẹn àgbá irin wíwúwo tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnì.

Bí kò bá yí, ẹ po ọ́ìlì gíà ọkọ̀ aládàáṣiṣẹ́ mọ́ acetone ní ìdọ́gba, kí ẹ da nǹkan bíi mìlílítà 40 sínú ihò pílọ́ọ̀gì. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ máa fi kún un bó bá ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sípánà ọlọ́wọ́ gígùn mi nọ́ọ̀tì orí fìláwílì díẹ̀ sí iwájú, díẹ̀ sí ẹ̀yìn. Ẹ má ṣe fi sítátà dán an wò, ẹ má sì fi òòlù lu písítìnì. Aluminiọ́mù ni, ó máa ń fọ́. Nígbà mìíràn, písítìnì ń yí dáadáa àmọ́ fáàfù ló gan sókè. Ẹ ṣí ìdérí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì, kí ẹ máa wò ó bí ẹ ṣe ń yí i: fáàfù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gòkè kó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dá ẹ́ńjìnì tó dára lẹ́bi ni ìdíwọ̀n ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́. Àwọn ẹ́ńjìnì yìí ní ohun kan lára káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) tó ń gbé fáàfù èéfín sókè díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tan án, kí sítátà lè rí i yí. Nítorí náà, gééjì máa ń ka iye tó kéré nígbà tí kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnì. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ gbé písítìnì dé òkè pátápátá nígbà tí fáàfù méjèèjì ti pa, kí ẹni kan di fìláwílì mú gírígírí, kí ẹ wá rọra fi afẹ́fẹ́ kọ́ńpúrẹ́sọ̀ sínú ihò pílọ́ọ̀gì, kí ẹ sì tẹ́tí. Bó bá ń sọ ṣìì ní kábúrétọ̀, fáàfù tó ń gba epo wọlé ló ń jò. Bó bá jẹ́ ní sáílẹ́ńsà, fáàfù èéfín ni. Bí ẹ bá gbọ́ ọ ní ihò tí a ń da ọ́ìlì sí, ríìngì písítìnì ti jẹ tán. Bó bá sì ń jáde láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó.

Iná

Ẹ so pílọ́ọ̀gì mọ́ wáyà rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ara irin rẹ̀ kan ẹ́ńjìnì jìnnà sí ihò rẹ̀, kí ẹ wá yí i. Iná tó dára máa ń já bí àwọ̀ búlúù, ó sì máa ń ta pàù. Bó bá pupa tí kò lágbára, ẹ lọ bá kọ́ńtáàkì.

Lára Kohler K, abẹ́ ìdérí kékeré mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì ni kọ́ńtáàkì wà. Kódà bí kò bá jó, ìpẹtà tín-ín-rín tí ojú ò rí lè dí iná lọ́wọ́. Ẹ fi sáńdípépà tó kúnná jù lọ ra ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́, kí ẹ wá fa páálí tí ẹ rì sínú ọtí líle ìfọ̀nù kọjá láàárín rẹ̀ títí tí páálí á fi máa jáde ní mímọ́. Nígbà tó bá ṣí jù, àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.5, ti pílọ́ọ̀gì jẹ́ 0.9. Bí kọ́ńtáàkì tuntun bá ń tètè jó, ẹ pààrọ̀ kọ̀ndẹ́nsà, ohun kékeré tí kì í jẹ́ kí iná jó kọ́ńtáàkì. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì Briggs & Stratton àtijọ́, abẹ́ fìláwílì ni kọ́ńtáàkì wà. Irinṣẹ́ ìfàyọ ni ẹ ó fi fa fìláwílì náà. Ẹ yẹ kọ́kọ́rọ́ irin kékeré tó dì í mú wò; bó bá ti yẹ̀ díẹ̀ péré, àsìkò tí iná ń já ti yàtọ̀, ẹ́ńjìnì á sì máa ta padà.

Bátìrì tó kún máa ń ka fóòtì 12.6. Bó bá jábọ́ sísàlẹ̀ 9.6 nígbà tí sítátà ń yí, ó ti rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5.

Bí ẹ bá gbọ́ kìkì ìró kọ́ láti ara sólénọ́ìdì (súwíìṣì tó ń gbé iná lọ sí sítátà), ẹ má sáré ra sítátà. Ẹ fi ẹnu mítà kan sórí nẹ́gétíìfù bátìrì, èkejì sára irin ẹ́ńjìnì, kí ẹ tan án. Bó bá ka ju fóòtì 0.5 lọ, wáyà ilẹ̀ ni kò kan irin dáadáa. Ẹ fọ ibẹ̀ títí irin á fi dán. Èyí nìkan ló máa ń jí ọ̀pọ̀ katakata dìde. Ẹ má sì ṣe gé wáyà súwíìṣì ààbò abẹ́ àga tàbí ti kílọ́ọ̀ṣì. Àwọn ló ń dá abẹ tó ń gé koríko dúró tí ènìyàn bá ṣubú.

Epo

Ẹ fa gbogbo epo àtijọ́ dànù, ẹ fọ tánkì, ẹ pààrọ̀ họ́ọ̀sì àti fílítà. Ẹ tú kábúrétọ̀ dé ìsàlẹ̀. Ẹyọ wáyà bàbà kan ni kí ẹ fi la ihò jẹ́ẹ̀tì, ibi tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá. Abẹ́rẹ́ irin máa ń fẹ ihò náà, epo á sì pọ̀ jù títí láé. Ẹ wọ awò ojú kí ẹ tó fi afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ mi fúlótà, ohun tó ń léfòó lórí epo inú kábúrétọ̀: bí ẹ bá gbọ́ epo nínú rẹ̀, ó ti lu.

Súkúrù ìdíwọ̀n epo méjèèjì lára kábúrétọ̀, ẹ rọra dé wọn títí wọ́n á fi kanlẹ̀, kí ẹ wá tú èyí tó tóbi sẹ́yìn ní ìyípo 2, ti ìdúró jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní 1½. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná ni ẹ ó tó tò ó pé. Bí ẹ bá fún un pa, orí rẹ̀ á gba ojú ìlà, kò sì ní ṣe é tò mọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń gbójú fò

Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnì yìí. Ẹ ṣí páànù tó bo fìláwílì. Koríko gbígbẹ àti ìtẹ́ eku sábà máa ń kún àárín àwọn abẹ irin orí ẹ́ńjìnì, òun ló sì ń yan fáàfù àti gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ha gbogbo rẹ̀ jáde. Ẹ má sì tan ẹ́ńjìnì pẹ́ láìdá páànù náà padà, torí òun ló ń darí afẹ́fẹ́ sí ibi tó gbóná.

Ìpẹtà

Fún rẹ́ẹ̀mù, páànù àti ìdè irin, iná ṣájà bátìrì nínú omi ló dára jù, torí kì í jẹ irin tó ṣì dára. Ẹ bu omi sínú ike ńlá, kí ẹ fi ṣíbí ìjẹun kan sódà ìfọṣọ sí lítà 4 kọ̀ọ̀kan. Iyọ̀ kọ́. Ẹ so nẹ́gétíìfù ṣájà fóòtì 12 mọ́ ohun tó dípẹtà, pọ́sítíìfù mọ́ irin lásán tí ẹ kò nílò mọ́, kí wọ́n má fara kan ara wọn. Ẹ má lo irin tí kì í dípẹtà fún ti pọ́sítíìfù, nítorí ó ń da májèlé sínú omi, ẹ má sì ki aluminiọ́mù bọ̀ ọ́ rárá. Gáàsì tó ń jáde lè gbiná, nítorí náà ìta gbangba ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ sì pa ṣájà kí ẹ tó tú wáyà. Tó bá di ọjọ́ kejì, búrọ́ọ̀ṣì lásán á gbá ìpẹtà náà kúrò. Ẹ gbẹ ẹ́ kíá, kí ẹ kùn ún ní pràímà lọ́jọ́ náà gan-an, torí irin tó wà ní ìhòòhò máa ń padà dípẹtà láàárín wákàtí díẹ̀.

Ọ̀dà kò le. Sáńdípépà 80, lẹ́yìn náà 180, kí ẹ parí pẹ̀lú 320. Ẹ nu ún, pràímà, kí ẹ fi ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Ẹ bo páànù nọ́ńbà àti ibi tí wáyà ilẹ̀ ń kan irin, kí ọ̀dà má dé ibẹ̀.

Bẹ́líìtì, abẹ àti ọwọ́ ìdarí

Bẹ́líìtì ọkọ̀ kì í pẹ́ lára katakata. Ti katakata ní okùn tó le ju tiẹ̀ lọ, ó sì lè tẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ di abẹ mú, kí ẹ mì ín: bó bá ń gbọ̀n, bẹ́árìnì rẹ̀ ti lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá pọ́n abẹ, ẹ fi ìṣó kọ́ ọ ní ihò àárín. Ẹ̀gbẹ́ tó bá tẹ̀ sílẹ̀ ni kí ẹ tún pọ́n. Ẹ fún gbogbo níbùlù (ẹnu kékeré tí gíríìsì ń gbà wọlé) ní gíríìsì títí èyí tó dúdú á fi jáde tán.

Títan àkọ́kọ́

Ọ́ìlì SAE 30 tuntun dé àmì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnì yìí kò ní páńpù ọ́ìlì tàbí fílítà. Ẹsẹ̀ písítìnì ló ń ta ọ́ìlì sókè, nítorí náà tó bá lọ sílẹ̀ díẹ̀, irin ti ń jẹ irin nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ pa á, kó tutù tán. Bí ẹ bá ti ṣí orí rẹ̀, ẹ tún fún bóòtù rẹ̀ ní àgbélébùú pẹ̀lú sípánà ìdíwọ̀n, dé iye tí ìwé ẹ́ńjìnì yẹn sọ. Lẹ́yìn wákàtí 5, ẹ da ọ́ìlì náà nù, torí gbogbo ìdọ̀tí tó ti sùn nínú rẹ̀ láti ọdún yìí wá ló máa bá a jáde. Láti ìgbà náà lọ, wákàtí 25 kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀.