Bí a ṣe fún omi òjò ní gbèdéke ní àgbàlá wa ní Under-G

Ìsàlẹ̀ àdúgbò ni ilé wa wà ní Under-G, Ògbómọ̀ṣọ́. Bí òjò bá ti rọ̀, àgbàrá òkè á ya wọ àgbàlá, á sì dá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Bàbá onílé fẹ́ kí wọ́n já típà yẹ̀pẹ̀ síbẹ̀. Mo ní, "Bàbá, tí ẹ bá dí i, ilé ìyá tó wà lẹ́yìn wa ló máa yà sí o." Ní tèmi, kò burú kí omi dúró díẹ̀. Ibi tó dúró sí àti iye ọjọ́ tó máa lò níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Nínú ooru ilẹ̀ wa, ẹyin ẹ̀fọn a máa di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Bí omi bá gbẹ kó tó pé ọjọ́ 3, tanwíji inú rẹ̀ ò ní ráyè dàgbà. Irú omi òjò tí oòrùn ń ta sí báyìí gan-an sì ni Anopheles, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, fẹ́ràn.

Kí a tó fọwọ́ kan ṣọ́bìrì láti gbẹ́ kòtò tí omi òjò á dá sí, tí á sì ti fà wọlẹ̀, mo dán ilẹ̀ wò. Mo gbẹ́ ihò, mo pọn omi kún un, mo jẹ́ kó fà tán, mo tún pọn òmíràn sí i, mo wá fi igi tí mo fàlà sí wo bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, amọ̀ ni gbogbo rẹ̀, omi ò fẹ́ lọ. Lọ́dọ̀ igi máńgòrò níwájú, kíá ló fà. Ibẹ̀ sì jìnnà sí kànga, sí ṣaláńgá àti sí ìpìlẹ̀ ilé. Àgbàrá tó ti gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti óìlì mọ́tò kọjá, ta ló fẹ́ kó fà sítòsí omi tí à ń pọn?

Bíríkìlà fi rọ́bà onílẹ́fẹ́ẹ̀lì wo ibi tí ilẹ̀ ti dà, a sì la ojú omi lọ sí ìdí máńgòrò náà. Kòtò tí a gbẹ́ fẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìn dé orúnkún, etí rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ̀, torí omi díẹ̀ lè pa ọmọ kékeré. "Àbí ẹja lo fẹ́ sìn ni?" Bàbá onílé bi mí. A to òkúta sí ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé kó má baà wú ilẹ̀, a gbin koríko yí i ká, a sì la ojú kan sí gọ́tà títì fún ọjọ́ tí òjò bá pọ̀ jù. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹnu kànga sókè.

Àwọn kan ní kí n da óìlì àlòkù sínú omi kí tanwíji lè kú. Mo kọ̀: ilẹ̀ yẹn kan náà ló ń fà á. Bí omi bá kù lọ́jọ́ kẹta, a máa ń gbọ́n ọ́n dà sórí ilẹ̀ gbígbẹ, a ó fi ọkọ́ tú ìsàlẹ̀ kòtò tí ẹrẹ̀ ti dí, a ó sì kó ewé máńgòrò kúrò lẹ́nu rẹ̀.