Ọjọ́ Mẹ́rin ní Disney World Láì Ra Tíkẹ́ẹ̀tì

"Ibo gan-an lẹ fẹ́ gbé mi lọ, tí ẹ ní a máa dé ẹnu ọ̀nà, tí a ò sì ní wọlé?"

Ìbéèrè tí ìyá ọkọ mi bi mí nìyẹn ní oṣù Kẹfà, nígbà tí mo sọ fún wọn pé Disney World, ibi ìgbafẹ́ ńlá kan ní Flọ́rídà, là ń lọ. Wọ́n ti Ìbàdàn wá kí wa ní Atlanta, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n padà sílé. Orúnkún wọn kì í jẹ́ kí wọ́n rìn jìnnà. Bàbá Tòmíwá ò rí ìsinmi gbà níbi iṣẹ́. Ó wá ku èmi, Màmá, Tòmíwá tó jẹ́ ọmọ ọdún 11, àti Àdùkẹ́ tó jẹ́ ọmọ ọdún 6.

Mi ò kọ́kọ́ rò ó pé a ò ní wọlé. Ìṣirò ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ọgbà eré mẹ́rin ló wà níbẹ̀: Magic Kingdom tí wọ́n ṣí ní 1971, Epcot ní 1982, Hollywood Studios ní 1989, àti Animal Kingdom ní 1998. Tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà kan fún ọjọ́ kan lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là fún ẹnì kan. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 nìkan ló ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tó bá ti pé ọdún 10, owó àgbà ni wọ́n máa gbà lórí rẹ̀, Tòmíwá tí kò tíì lè fọ abọ́ tó fi jẹun sì ti di àgbàlagbà lójú wọn. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹni mẹ́rin. A ò tíì jẹun o. Màmá á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan láti àárọ̀ títí di alẹ́, wọ́n á máa ṣọ́ báàgì wa.

Mo wá wò ó pé ilẹ̀ yẹn tó nǹkan bí éékà 25,000, ọgbà mẹ́rin yẹn ò sì tó ìdajì rẹ̀ rárá. Hòtẹ́ẹ̀lì, adágún omi, igbó àti ọjà ló kún ìyókù. Bọ́ọ̀sì tó ń káàkiri ibẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ọkọ̀ ojú omi, ọ̀fẹ́. Rélùwéè orí afẹ́fẹ́, ọ̀fẹ́. Ọkọ̀ tó ń rìn lórí okùn, ọ̀fẹ́ náà ni. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ la máa fi ṣeré.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo jókòó ti àwọn ọmọ nílé, mo là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé a ò ní wọ ọgbà kankan. Tí ẹ bá fẹ́ dán irú èyí wò, ẹ má fi àlàyé yìí di ìgbà tí ẹ bá débẹ̀. Tòmíwá fajú ro fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó gbọ́ pé òun máa rí àgùnfọn, ojú rẹ̀ yọ́.

A kúrò ní Atlanta ní aago mẹ́rin ìdájí. Mo ti se ráìsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín, mo jẹ́ kó dì gbagidi nínú fíríìsà, mo wá kó o sínú kúlà. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni ọ̀nà náà, àmọ́ ẹni tó bá gbé ìyálọ́kọ àti ọmọ méjì mọ́tò yóò dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aago kan ọ̀sán ti kọjá kí a tó dé.

Hòtẹ́ẹ̀lì wọn kan tó ń jẹ́ Pop Century ni mo yàn. Ó wà lára àwọn tí owó wọn rọjú jù níbẹ̀, ọkọ̀ orí okùn sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Yàrá rẹ̀ gba ẹni mẹ́rin: bẹ́ẹ̀dì kan wà nílẹ̀, èkejì wà lára ògiri. Lọ́sàn-án, tábìlì ni ẹ máa rí níbẹ̀. Tó bá dalẹ́, ẹ ó fa nǹkan kan wálẹ̀, tábìlì á wọlẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀dì á yọ jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá ní kí Tòmíwá gbé e sókè kó sì gbé e wálẹ̀. Fíríìjì kékeré wà nínú yàrá. Kò sí máíkírówéfù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, ẹnikẹ́ni tó bá dé síbẹ̀ ló lè lò ó. Ibẹ̀ la ti ń gbóná jọ̀lọ́ọ̀fù wa lálaalẹ́. Òyìnbó kan tiẹ̀ tẹ̀ lé òórùn rẹ̀ débi tábìlì wa, ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Omi ìwẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì náà, tí èèyàn ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, la fi pa ọjọ́ kìíní. Ọ̀kan rí bí òdòdó, ọ̀kan rí bí kọ̀ǹpútà. Tó bá dìrọ̀lẹ́, ẹ lè gba orí afárá rìn lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kejì, Art of Animation, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ère àwọn mọ́tò àti kìnnìún inú sinimá wọn, gìrìwò gìrìwò. Ẹ lè wò ó, ẹ lè ya fọ́tò. Omi ìwẹ̀ wọn ni ẹ ò gbọdọ̀ wọ̀, nítorí àwọn tó dé sí hòtẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nìkan ló ni tiwọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a wọ ọkọ̀ orí okùn tí wọ́n ń pè ní Skyliner. Ọdún 2019 ni wọ́n ṣí i. Ẹ̀rù ba Màmá. Àpótí kéékèèké ni, okùn ló gbé e dání, kì í sì í dúró pátápátá kí èèyàn tó wọlé. Mo lọ bá òṣìṣẹ́ kan, mo fi orúnkún wọn hàn án. Ó mú wa lọ síbi tí wọ́n ti lè dá àpótí kan dúró fún ẹni tí kò lè yára gbẹ́sẹ̀. Ẹ béèrè, ẹ má tijú. Nígbà tí a ti wà lókè, Màmá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń ka Sáàmù kẹtàlélógún. Nígbà tí a fi máa dé Caribbean Beach, hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn, wọ́n ti ń na ìka sí orí òrùlé àwọn èèyàn.

A pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀, a gba hòtẹ́ẹ̀lì Riviera kọjá, a sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn Epcot. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ìta géètì ni wọ́n ti ń já èèyàn sílẹ̀. Àwọn tó ní tíkẹ́ẹ̀tì kọjú sí géètì, àwa kọjú sí òdìkejì. Kò pẹ́ tí a fi dé BoardWalk, òpópónà onípákó létí adágún, níbi tí wọ́n ti ń yá èèyàn ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ìdílé lè jọ wà. Màmá jókòó bí ọba, èmi àti Tòmíwá ń wà á. Owó kìíní tí mo ná lórí eré nìyẹn.

Nígbà tó di ọ̀sán, ojú ọ̀run dúdú. Òjò ilẹ̀ Flọ́rídà nígbà ooru kì í sábà kùnà láti rọ̀ lọ́sàn-án. Tí mànàmáná bá ti ń kọ, wọ́n máa dá ọkọ̀ orí okùn dúró, wọ́n sì máa lé gbogbo èèyàn kúrò nínú omi ìwẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí, àárọ̀ ló yẹ kí n fi omi ìwẹ̀ sí, kí n sì fi ohun abẹ́ òrùlé sí ọ̀sán. A wọ bọ́ọ̀sì padà lọ sùn.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Hòtẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń pè ní Animal Kingdom Lodge, ọdún 2001 ni wọ́n ṣí i. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn yín, kì í ṣe inú ọgbà Animal Kingdom ló wà. Wọ́n kọ́ ọ yí pápá koríko ká, àwọn ẹranko ilẹ̀ Áfíríkà sì ń jẹ̀ kiri níbẹ̀. Mo ti gba ààyè sílẹ̀ ní ilé oúnjẹ rẹ̀ tó ń jẹ́ Sanaa láti ọgọ́ta ọjọ́ ṣáájú. Aago mẹ́fà ni mo mú, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ wa lójú.

Bí wọ́n ṣe ní ká jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé báyìí, ẹranko abilà kan rọra kọjá. Màmá dìde dúró.

"Ta ló kọ ilà fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?"

Tòmíwá ní, "Màmá àgbà, zebra ni."

"Mo gbọ́. Ta ló kọ ilà fún un?"

Àgùnfọn méjì yọ lẹ́yìn igi. Lójú tèmi, ó kéré tán, a jókòó níbẹ̀ fún wákàtí méjì, kò sì sẹ́ni tó lé wa. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ àti ọbẹ̀ mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ la pè, nítorí ó tó ẹni mẹ́rin fi panu, kò sì wọ́n bí oúnjẹ gidi. Màmá tọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wò, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbà pé ó ní ata nínú.

Lẹ́yìn oúnjẹ, a wọ bọ́ọ̀sì kékeré lọ sí apá kejì hòtẹ́ẹ̀lì náà, Jambo House. Iṣẹ́ ọnà láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà ló kún ara ògiri. Èmi ń wá ibi tí Màmá máa jókòó sí ni mo gbọ́ igbe wọn.

"Yéè! Ìyá Tòmíwá, eégún àwọn Ìbò rèé!"

Ìjẹ́lẹ̀ ni, tí àwọn Ìgbò ń kọ Ijele, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 16, aṣọ àti ère kéékèèké ló bò ó látòkè délẹ̀. Màmá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ra aṣọ ní Onitsha kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti rí irú rẹ̀ lójúkorojú lẹ́ẹ̀kan níbi ìnáwó ọlọ́lá kan. Wọ́n jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé eégún ńlá ni, òun ni olórí àwọn yòókù, kì í jáde lásán. Èmi fi tèmi kún un, pé UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àjogúnbá àṣà aráyé ní 2009, àti pé ó lè gba ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ní oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó múra rẹ̀ tán. Àwọn àlejò kan dúró, wọ́n rò pé Màmá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Arákùnrin kan béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ wọn, mo bá di ògbufọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí kò bá dé sí hòtẹ́ẹ̀lì wọn. Ní ọdún kan tí mo lọ láìmúra, ọlọ́dẹ hòtẹ́ẹ̀lì kan dá mi padà ní géètì nítorí mi ò gba ààyè oúnjẹ sílẹ̀, mi ò sì ní yàrá. Ẹ gbé mọ́tò yín sí Disney Springs, ibi ìtajà ńlá wọn. Wọn kì í gba owó ìgbọ́kọ̀sí níbẹ̀, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ sì ń lọ láti ibẹ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì wọn. Tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè wọ̀ ọ́; ní báyìí, ẹ gba ààyè oúnjẹ sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ ń lọ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ ojú omi tiẹ̀ ń gbé èèyàn láti ibẹ̀ lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì Port Orleans. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní apá rẹ̀ tó ń jẹ́ French Quarter, ẹ ra beignet. Puff-puff ni o! Wọ́n kàn ṣe é bí orí eku Mickey, wọ́n da ṣúgà lé e lórí, wọ́n wá bù ú lówó. Ọjọ́ kẹta la jẹ ẹ́. Màmá ní ìyẹ̀fun ò wú tó.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta yẹn náà ni a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Magic Kingdom, a fi géètì sílẹ̀, a sì gun rélùwéè orí afẹ́fẹ́ tó ń yí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì etí omi ká. Ó ń gba inú hòtẹ́ẹ̀lì Contemporary kọjá, àní inú ilé! Nígbà tí a yípo dé apá kejì adágún, Àdùkẹ́ rí ààfin Cinderella inú ọgbà Magic Kingdom lókèèrè, tó ń tàn. Ọkàn mi fò, torí ibi tí mo ń bẹ̀rù nìyẹn.

"Mọ́mì, ṣé a ò lè kan ilẹ̀kùn?"

Màmá ló dá a lóhùn. "Ààfin kì í ṣe ibi tí èèyàn ń já wọ̀, ọmọ mi. Wọn ò tíì ránṣẹ́ pè wá."

Ó mi orí. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí èmi ti fi ọjọ́ mẹ́ta múra àlàyé rẹ̀ sílẹ̀.

Láti ìdíkọ̀ ojú omi Magic Kingdom, a wọ ọkọ̀ lọ sí Fort Wilderness. Igbó ni, àwọn èèyàn ń pàgọ́ sínú rẹ̀, ẹṣin náà wà níbẹ̀. Ní alẹ́, wọ́n ń dáná igi sí gbàgede, ẹnikẹ́ni lè wá. Ọkùnrin kan ń fi gìtá kọrin, àwọn ọmọ ń yan súìtì funfun rírọ̀ lórí iná, tí wọ́n ń pè ní máṣímálò. Wọ́n ń tà á níbẹ̀, ṣùgbọ́n àpò kan ni mo ti rà ní Atlanta. Ọ̀pá ni mi ò rántí rà, a bá fi ọ̀pá ìdílé kan tó jókòó tì wá yan tiwa, a fún wọn ní ìdajì àpò.

Lẹ́yìn náà ni Chip àti Dale jáde, àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ inú sinimá wọn, tí èèyàn wọ agọ̀ wọn. Wọ́n ń dì mọ́ àwọn ọmọ, wọ́n ń jó. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Màmá, ọ̀kan tẹrí ba fún wọn. Màmá ti ń tú ìdí aṣọ láti wá owó.

Mo ní, "Màmá, wọn kì í gbowó."

Wọ́n wò mí. "Irú eégún wo nìyẹn?"

Kí a tó wọ ọkọ̀ padà, a dúró létí omi. Ọkọ̀ onítànṣán-iná kan ń fà kọjá lórí adágún, iná rẹ̀ ń yí padà di ẹja, ó di dírágónì. Láti 1971 ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n yin iná aláràbarà sójú ọ̀run lókè ààfin, a sì rí i kedere láti ibi tí a wà. Àdùkẹ́ ti sùn lọ léjìká mi.

Bàbá Tòmíwá pè wá nígbà tí a wà lójú ọ̀nà ilé, ó béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bí eré ṣe rí. Màmá ní, "Mo rí eégún Ìbò, mo rí eégún òyìnbó tí kì í tọrọ owó. Mo rí bẹ́ẹ̀dì tó ń jáde lára ògiri." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Bi ìyàwó ẹ léèrè, ta ló kọ ilà fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó kọ̀, kò sọ fún mi."