Ìwé ìròyìn àtijọ́ lẹ̀ ń wá? Yaba ni kẹ́ ẹ gbà lọ

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹni tó bá ń wá ìwé ìròyìn àtijọ́, bóyá ìkéde ẹni tó yí orúkọ padà ni o, tàbí ìkéde òkú bàbá àgbà, ẹ má wulẹ̀ máa sáré kiri ọ́fíìsì àwọn oníwèé ìròyìn, National Library tó wà ní Yaba, lójú títì Herbert Macaulay, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà sí. Òfin ọdún 1970 ló ní kẹ́ni tó bá tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà kó ẹ̀dà 3 fún wọn, ọ̀fẹ́ ni o, torí ẹ̀ lẹ ṣe lè rí nǹkan táwọn tó tẹ̀ ẹ́ gan-an lè má ní mọ́. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ déètì sílẹ̀, ó kéré tán oṣù àti ọdún, pẹ̀lú orúkọ ìwé ìròyìn náà, torí "ayé Abacha ni ṣá" ò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀, òkìtì bébà lẹ máa bára yín níwájú ẹ̀. Wọn kì í yáni gbé lọ sílé o, ibẹ̀ lẹ máa jókòó kà á sí, ẹ mú bírò dání, kẹ́ ẹ sì tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó yọ fóònù láti ya fọ́tò.