Tarkwa Bay tàbí Ìlàṣẹ: bí ẹ ṣe lè yan abúlé tí ẹ máa gbé lódìkejì ọ̀sà Èkó

Ilẹ̀ yanrìn tóóró kan nà gbọọrọ láàárín òkun àti odò tó lọ sí Àgbádárìgì. Tarkwa Bay wà ní ìparí rẹ̀ níhà ìlà oòrùn, lẹ́nu ibi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Àpápá. Ìlàṣẹ wà níwọ̀ oòrùn, òkun níwájú, ọ̀sà lẹ́yìn. Kò sí afárá tó dé ìkankan nínú méjèèjì. Àwọn tó fẹ́ kó lọ síbẹ̀ sábà máa ń lọ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á jókòó sábẹ́ àgbọn, wọ́n á jẹ ẹja yíyan, wọ́n á sì ti pinnu. Ọjọ́ Àìkú kì í sọ òótọ́ nípa abúlé etí omi.

Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí, kódà bó jẹ́ yàrá kan lẹ fẹ́ háyà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ológun ojú omi lé àwọn ará Tarkwa Bay jáde kúrò nílé wọn, wọ́n ní nítorí àwọn tó ń bẹ́ páìpù epo ni. Páìpù náà wà lóòótọ́: Atlas Cove, níbi tí wọ́n ti ń já epo sílẹ̀ látinú ọkọ̀ òkun, kò jìnnà síbẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ni epo ń gbà láti ibẹ̀ lọ sí Mosimi nítòsí Ṣágámù. Ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè tún ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, bó bá jẹ́ Tarkwa Bay lẹ fẹ́, ẹ háyà, kí ẹ má san ju owó oṣù mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má kọ́lé níbẹ̀.

Ní Ìlàṣẹ, ìṣòro tiyín lè jẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì. Àwọn olówó ti kọ́ ilé ìsinmi sí ọwọ́ òkun, ìyẹn ló jẹ́ kí ojú àwọn tó ń ta ilẹ̀ là. Ẹ béèrè ìwé sọ́fè. Ẹ mú sọ́fẹ́yọ̀ tiyín lọ, ẹni tó níwèé ẹ̀rí, kí ó wo nọ́ńbà tó wà lára òkúta ààlà bóyá ó bá ti inú ìwé mu, kí ó sì fúnra rẹ̀ wọn ibi tí ilẹ̀ náà wà gan-an. Nọ́ńbà tó bá wọ̀n ni ẹ máa gbé lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ní ìjọba ti dá a padà fún àwọn onílẹ̀, kí ẹ fojú ara yín rí orúkọ abúlé náà nínú gáṣẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń kéde ìpinnu rẹ̀. Ẹ̀dà tí wọ́n fi fóònù yà kò tó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́lùwé. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti ẹbí, tí olórí ẹbí kò sì fọwọ́ sí i, títà náà kò dúró rárá lójú òfin. Bó bá jẹ́ olórí ẹbí nìkan ló fọwọ́ sí i, tí àwọn àgbà ẹbí tó kù kò mọ̀ sí i, ilé ẹjọ́ ṣì lè fagi lé e. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé "bàbá ti dàgbà, èmi ni mò ń ṣojú wọn", ẹ ní kó mú yín lọ kí bàbá.

Ọkọ̀ ló kàn. Láti Tarkwa Bay sí CMS tàbí Falomo, ìrìn náà kì í ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Láti Ìlàṣẹ sí Victoria Island, ó lè tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá àti Mile 2 súnmọ́ ọn. Bí iṣẹ́ yín bá wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Tarkwa Bay ló rọrùn; bó bá wà ní Fẹ́sítáàkì tàbí Ọjọ́, Ìlàṣẹ ni. Bó bá jẹ́ Ìkẹjà, ẹ tún un rò.

Àmọ́ ìrìn kọ́ ló ń gba àkókò, dídúró de kí ọkọ̀ kún ni. Ẹ lọ dúró ní èbúté abúlé náà láago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ kọ aago tí ẹ dé ibẹ̀ sílẹ̀, iye èrò tí ọkọ̀ ń kó, aago tó ṣí, aago tó kàn èbúté òdìkejì. Ẹ ṣe bákan náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì láti ìgboro padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ó kéré tán. Ẹ má bi ọlọ́kọ̀ pé "ṣé ọkọ̀ wà lálẹ́?", torí ó máa ní ó wà, ohun tó ń sọ ni pé ó lè gbé yín bí ẹ bá sanwó gbogbo ìjókòó. Ẹ bi í pé aago mélòó ni ọkọ̀ èrò ìkẹyìn gbéra lánàá. Ìjọba pàápàá kò fẹ́ kí ọkọ̀ èrò máa rìn lálẹ́. Èyí tí kò bá sì ní láìfù-jákẹ́ẹ̀tì tó so mọ́ra dáadáa, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ẹ ṣe ìṣirò kí ẹ tó gbà. Ká ní owó ọkọ̀ jẹ́ 1,500 náírà, tí ẹni méjì ń lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ 22 lóṣù: 1,500 lọ́nà méjì, lọ́nà méjì, lọ́nà 22, ó di 132,000. Ẹ fi kún owó ilé kí ẹ tó sọ pé ilé abúlé pọ́ọ́kú.

Ní ìgbà òjò, ewé tó ń léfòó máa ń bo odò tó lọ sí Ìlàṣẹ. Ó máa ń wé mọ́ abẹ ẹ́ńjìnì, ọkọ̀ á dúró láàárín omi kí wọ́n tó yọ ọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi iyọ̀ bá wọlé, ni ewé náà máa ń kú. Ti Tarkwa Bay kì í ṣe ewé, ìgbì àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ni.

Omi mímu ló máa ń dá àwọn àlejò lágara jù. Òjò ló kó omi dídùn sábẹ́ yanrìn yẹn. Orí omi iyọ̀ ló léfòó sí, torí ó fúyẹ́ jù ú. Ìṣirò àwọn onímọ̀ omi ni pé bí omi dídùn bá ga ju ojú òkun lọ ní mítà kan, á jìn sísàlẹ̀ tó nǹkan bí mítà 40. Ẹ wá yí i padà: bí ẹ bá fà á títí ó fi fi ìdajì mítà lọ sílẹ̀, omi iyọ̀ fẹ́ gòkè ní mítà 20. Ìdí nìyí tí bohóòlù jíjìn tí wọ́n fi ẹ̀rọ alágbára fà fi máa ń dùn lóṣù díẹ̀, tí á wá di iyọ̀. Kànga tí kò jìn, tí ẹ̀rọ kékeré ń fà díẹ̀díẹ̀, ló ń pẹ́.

Oṣù Kẹta ni kí ẹ dán omi wò, ìgbà tí òjò ti pẹ́ tó rọ̀. Ẹ bu láti kànga mẹ́ta: ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà, àárín abúlé, ọwọ́ òkun. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Omi tí ọṣẹ kò hó nínú rẹ̀, iyọ̀ tàbí ohun tó yọ́ látinú òkúta ti pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ TDS kékeré, èyí tó ń wọn iyọ̀ àti ohun tó yọ́ sínú omi, kò wọ́n: bí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá tó 500, ó dáa, bó bá ju 1,000 lọ, omi ìfọṣọ ni. Ẹ tún da omi sínú ìgò, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ ṣí i sẹ́nu imú. Òórùn epo, bó ti wù kó kéré mọ, ìyẹn ti parí ọ̀rọ̀ kànga yẹn. Kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá tó mítà 30, ti aládùúgbò náà wà níbẹ̀.

Ní ti òkun fúnra rẹ̀, ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ sẹ́nu ọ̀nà Èkó láàárín 1908 sí 1912 ń dá yanrìn tí omi ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn dúró. Yanrìn ń kó jọ síwọ̀ oòrùn rẹ̀, Bar Beach tó wà lódìkejì ló jìyà rẹ̀. Ìlàṣẹ jìnnà sí ògiri náà, nítorí náà ẹ wo gbòǹgbò àgbọn ibẹ̀: bí ó bá ti hàn síta níhà òkun, òkun ń jẹ ilẹ̀ yẹn. Ẹ lọ ní oṣù Keje tàbí Ìkẹjọ, nígbà tí òṣùpá bá kún, kí ẹ ka ìgbésẹ̀ láti ibi tí omi ga dé. Bí kò bá pé 100 dé ẹnu ọ̀nà, a ò ní kọ́lé síbẹ̀. Ẹ bọ́ sẹ́yìn sí ìhà ọ̀sà.

Bí ẹ bá máa kọ́lé, ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà fi yanrìn etíkun po sìmẹ́ǹtì. Iyọ̀ inú rẹ̀ á jẹ irin, ọ̀wọ̀n á sì là bó bá yá. Ẹ kó yanrìn odò wá, kí kọnkéré tó bo irin nípọn tó ínṣì méjì. Páànù aluminíọ́mù ni kí ẹ lò. Èyí táa ń pè ní páànù lásán, ìpẹtà á jẹ ẹ́ kíákíá. Kí ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni àpò sìmẹ́ǹtì kan ń gbowó kó tó dé orí ilẹ̀ yín: ní ṣọ́ọ̀bù, nínú mọ́tò dé èbúté, lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o sọ́kọ̀, lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, lọ́wọ́ àwọn tó ń rù ú gòkè. Ẹ béèrè iye márààrún fún àpò kan, kí ẹ tó sọ ọ́ di igba àpò.

Ilé ìwé àti iná, ẹ fojú ara yín wò ó, kò gba ọjọ́ kan. Ti ìlera ni kí ẹ bi àwọn obìnrin tó ń ta ẹja lẹ́bàá èbúté: ẹni tó rọbí láago méjì òru gbẹ̀yìn, ọkọ̀ ta ló gbé e kọjá, èló ló gbà, ilé ìwòsàn wo ni wọ́n gbé e lọ? Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ ọlọ́kọ̀ náà lẹ́nu ẹni mẹ́ta láìjẹ́ pé wọ́n jọ sọ̀rọ̀, ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́ ilé.